Bàálù 300 Lẹ́ẹ̀kan Ṣoṣo: Bí Iléeṣẹ́ Ọkọ̀ Òfurufú Olówó Pọ́ọ́kú Ṣe Ń Ra Bàálù Tuntun

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìròyìn jáde pé Ryanair, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ilẹ̀ Ireland, ti fẹnu kò pẹ̀lú Boeing lórí bàálù 300, àti pé iye rẹ̀ lé ní 40 bílíọ̀nù dọ́là. Ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ló mọ Ryanair dáadáa, nítorí òun ni wọ́n ń wọ̀ láti Stansted tàbí Luton lọ sí Spain àti Ítálì, nígbà mìíràn pẹ̀lú owó tí kò tó èyí tí wọ́n san fún ọkọ̀ ojú irin tó gbé wọn dé pápákọ̀. Ìdí nìyí tí ìròyìn náà fi rú ọ̀pọ̀ lójú. Báwo ni iléeṣẹ́ tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní pọ́n-ùn mélòó kan ṣe fẹ́ rí 40 bílíọ̀nù dọ́là san? Àwọn kan ní irọ́ ni, àwọn kan ní gbèsè ni yóò gbé e ṣubú, àwọn mìíràn sì rò pé kò ní pẹ́ tí bàálù 300 yóò fi balẹ̀ sí Dublin.

Kò sí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí irú iléeṣẹ́ yìí bá ń dúnàádúrà bàálù ni ó ti ń pinnu bóyá òun yóò lè ta tíkẹ́ẹ̀tì ní owó pọ́ọ́kú ní ọdún mẹ́wàá sí i. Ẹni tó bá lóye bí wọ́n ṣe ń ra bàálù ti lóye ìdí tí tíkẹ́ẹ̀tì fi jẹ́ owó pọ́ọ́kú tàbí tó fi wọ́n.

## Kí ni wọ́n ń pè ní ọ́dà?

Nínú àlàyé yìí, ọ́dà ni àdéhùn tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú bá ẹni tó ń ṣe bàálù ṣe pé kí ó bá òun ṣe iye báyìí, kí ó sì kó wọn fún òun ní àwọn ọdún báyìí. Boeing ti Amẹ́ríkà àti Airbus ti Yúróòpù ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn bàálù ńlá tó ń gbé èrò káàkiri ayé, iṣẹ́ tó sì wà nílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì kò ṣeé parí láàárín ọdún mélòó kan. Ẹni tó bá ti gbé aṣọ ọdún lọ fún télọ̀ rí yóò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́. Ó gbé aṣọ lọ nígbà tí ọdún ṣì jìnnà, wọ́n dúnàádúrà, ó san díẹ̀ sílẹ̀ lára owó iṣẹ́, orúkọ rẹ̀ sì wọ ìlà. Ẹni tó bá dúró di ọ̀sẹ̀ ọdún, bí owó tilẹ̀ kún ọwọ́ rẹ̀, télọ̀ kò ní àyè fún un mọ́.

Ohun mẹ́ta ló wà nínú ọ́dà. Èkíní ni àyè lórí ìlà, ìyẹn oṣù àti ọdún tí bàálù kọ̀ọ̀kan yóò jáde. Èkejì ni iye owó tí wọ́n ti fẹnu kò lé lórí, pẹ̀lú ọ̀nà tí wọn yóò gbà máa fi owó kún un bí ọjà bá gbówó lórí. Ẹ̀kẹta ni àsansílẹ̀ owó: díẹ̀ ni wọ́n ń san lọ́jọ́ tí wọ́n bá fọwọ́ sí ìwé, wọ́n á máa san díẹ̀díẹ̀ bí àkókò ṣe ń sún mọ́, ọjọ́ tí wọ́n bá wá gbé bàálù lọ ni wọ́n ń san èyí tó pọ̀ jù.

Ọ́dà tún pín sí oríṣi méjì, ibí yìí gan-an ni àkọlé ìròyìn ti máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Ọ́dà tó dájú ni èyí tí olùrà ti so ara rẹ̀ mọ́, tí kò lè yẹ̀ láìsan owó ìtanràn. Oríṣi kejì jẹ́ ẹ̀tọ́ láti rà sí i: wọ́n fi àyè àti iye owó pamọ́ fún un, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ bá pé tí kò bá fẹ́ rà mọ́, ó lè fi sílẹ̀. Nínú bàálù 300 tí Ryanair kéde, 150 ló dájú, 150 yòókù jẹ́ ẹ̀tọ́ láti rà. Ọdún 2027 ni wọ́n sì ṣètò pé kíkó wọn yóò bẹ̀rẹ̀, yóò sì máa lọ títí di 2033. Ohun tí Ryanair fi ara rẹ̀ jìn fún lóòótọ́ jẹ́ ìdajì ohun tí àkọlé ìròyìn pariwo rẹ̀.

## Ṣé 40 bílíọ̀nù náà ni wọn yóò san?

Rárá o. 40 bílíọ̀nù dọ́là jẹ́ iye orí ìwé, ìyẹn iye tí ẹni tó ń ṣe bàálù kọ síta fún gbogbo ayé. Kò sí iléeṣẹ́ ńlá kankan tó ń san iye yẹn. Iye gidi wà nínú ìwé àdéhùn tí wọn kì í fi han ará ìta, ṣùgbọ́n àwọn tó wà nídìí òwò náà mọ̀ pé ẹ̀dínwó fún ẹni tó ń ra ọgọ́rọ̀ọ̀rún lè tó ìdajì iye orí ìwé.

Ìgbà tí ẹ̀dínwó máa ń pọ̀ jù ni ìgbà tí kò bá sí ẹlòmíràn tó fẹ́ rà. Ẹ jẹ́ ká wo oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2002. Kò tíì pé oṣù márùn-ún tí àwọn agbésùmọ̀mí fi bàálù kọlu ìlú New York àti Washington. Èrò ń bẹ̀rù láti fò, àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ń fagi lé ọ́dà wọn, wọ́n ń kó bàálù lọ gbé kalẹ̀ sí aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà. Àsìkò yẹn gan-an ni Ryanair, tí Michael O'Leary ń darí láti ọdún 1994, lọ bá Boeing tó sì fi ọ́dà sílẹ̀ fún bàálù 737-800 tó dájú 100, pẹ̀lú ẹ̀tọ́ láti ra 50 sí i. Owó tí wọ́n rà wọ́n wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn iléeṣẹ́ mìíràn kò fi rí irú rẹ̀ gbà nígbà tí ọrọ̀ ajé padà bọ̀ sípò, iye yẹn sì ni Ryanair fi ń bá wọn figagbága fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2020. Àrùn kòrónà ti tì ojú òfurufú pa, bàálù 737 MAX, irú 737 tuntun ti Boeing, sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àṣẹ láti padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn ìjàm̀bá méjì, ti Lion Air ní Indonesia lọ́dún 2018 àti ti Ethiopian Airlines lọ́dún 2019, nínú èyí tí èèyàn 346 ti pàdánù ẹ̀mí wọn. Ryanair fi 75 kún ọ́dà MAX tó ti wà nílẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì di 210.

Àmọ́ ìgboyà láti rà nìkan kò tó. Ó ní láti mọ ìgbà tí yóò dìde kúrò nídìí tábìlì. Ní ọdún 2009, Ryanair fi ìjíròrò lórí bàálù 200 sílẹ̀ nítorí pé òun àti Boeing kò fẹnu kò. Ọdún 2013 ló tó wá ra 175. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ó tún kéde pé ìjíròrò lórí MAX 10, èyí tó tóbi jù nínú àwọn MAX, ti parí nítorí owó. Ogún oṣù lẹ́yìn náà ni ọ́dà 300 jáde. Ìwòye tèmi ni pé sùúrù yìí ni ẹ̀yà tó ṣòro jù lọ nínú iṣẹ́ náà, nítorí pé nígbà tí olùrà bá ń dúró, àwọn tó ń bá a figagbága lè máa gba àyè lórí ìlà.

## Níbo ni owó ti ń wá?

Ryanair ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn bàálù rẹ̀, kò sì sí gbèsè lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Èrè tíkẹ́ẹ̀tì tó ti kó jọ àti owó tó ń yá lọ́wọ́ àwọn olùdókòwò ni ó fi ń san, owó náà kì í sì jáde lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé bàálù ń dé ní méjì mẹ́ta láti oṣù dé oṣù, èyí tó sì ti dé ti ń gbé èrò kí èkejì tó dé.

Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ mìíràn ń gba ọ̀nà háyà. IndiGo ti ilẹ̀ Íńdíà, tó fi ọ́dà sílẹ̀ fún bàálù Airbus 500 ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, gbára lé ọ̀nà yìí gan-an láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: ní ọjọ́ tí bàálù bá dé, wọ́n á tà á fún iléeṣẹ́ tó ń fi bàálù háyà, wọ́n á sì yá bàálù kan náà padà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Ẹ̀dínwó tí wọ́n rí gbà nítorí pé wọ́n ra ọ̀pọ̀ ni ó mú kí wọ́n lè tà á ju iye tí wọ́n rà á lọ. Owó wọlé, ewu pé bàálù yóò gbó sí wọn lọ́wọ́ sì kúrò lọ́rùn wọn. Ṣùgbọ́n owó háyà kò mọ ìgbà tí èrò wà àti ìgbà tí èrò kò sí.

Ìtàn kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ń ka ìròyìn ọ́dà ńlá máa rántí. Tony Ryan, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Ryanair sílẹ̀, ni ó dá Guinness Peat Aviation sílẹ̀ ní ìlú Shannon ní Ireland lọ́dún 1975, iléeṣẹ́ tó ń fi bàálù háyà tó sì di ńlá káàkiri ayé. Ní òpin àwọn ọdún 1980, iléeṣẹ́ náà fi ọ́dà sílẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún bàálù kí ó tó mọ ẹni tí yóò háyà wọn. Ogun Persian Gulf dé lọ́dún 1991, ìrìnàjò dín kù, wọ́n gbìyànjú láti ta ìpín ìdókòwò fún aráàlú lọ́dún 1992, kò sí ẹni tó rà á tó, ọdún tó tẹ̀ lé e sì ni GE Capital ti Amẹ́ríkà gbà á sábẹ́ ara rẹ̀. Ọ́dà tó dájú, tó pọ̀ ju agbára lọ, ló wà nídìí ìṣubú yẹn. Ìdí nìyí tí ẹ̀tọ́ láti rà fi ṣe pàtàkì: olùrà lè gbèrò ohun ńlá láìfi ọrùn rẹ̀ sọ́wọ́ Boeing tàbí Airbus.

## Kí ló dé tí àwọn iléeṣẹ́ Nàìjíríà kò fi lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Wọ́n ń gbìyànjú rẹ̀. Air Peace fi ọ́dà sílẹ̀ lọ́dún 2019 fún bàálù Embraer E195-E2 mẹ́wàá, pẹ̀lú ẹ̀tọ́ láti ra 20 sí i, àkọ́kọ́ rẹ̀ sì dé ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2021. Ṣùgbọ́n dọ́là ni wọ́n fi ń ra bàálù, náírà sì ni èrò láti Èkó sí Àbújá ń san. Èlé orí owó yíyá ga nílé. Àwọn tó ń fi bàálù háyà sì ti ń bẹ̀rù tipẹ́ pé bí ẹni tó yá a kò bá san owó, ẹjọ́ lè fi ọdún gbọọrọ dá bàálù àwọn dúró sí Nàìjíríà, èyí sì mú kí háyà wọ́n gan-an. Ìlànà tuntun tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Àpapọ̀ gbé jáde lọ́dún 2024 lórí Àdéhùn Cape Town, tó ń dáàbò bo ẹni tó ni bàálù, jẹ́ ìgbésẹ̀ gidi láti dín ẹ̀rù yẹn kù.

## Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ iye bàálù tí wọ́n nílò?

Orí èrò ni ìṣirò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún ìṣúná tó parí ní oṣù Kẹta ọdún 2023, Ryanair gbé èrò bíi 168 mílíọ̀nù. Ohun tó sọ pé òun ń lé ni 300 mílíọ̀nù lọ́dún tó bá fi máa di 2034. Láti ibẹ̀, wọ́n á wo iye ìjókòó tó wà nínú bàálù kan, iye ìrìnàjò tí bàálù kan lè ṣe lóòjọ́, àti iye ìjókòó tó máa ń kún. Bàálù Ryanair ń ṣe bí ìrìnàjò mẹ́fà lóòjọ́, nítorí pé ìṣẹ́jú 25 ni wọ́n fún un láti já èrò sílẹ̀, gbá inú rẹ̀, kó èrò mìíràn kí ó sì gbéra. Ẹni tó bá ti wọ̀ ọ́ rí yóò rántí pé àtẹ̀gùn iwájú àti ti ẹ̀yìn ni wọ́n ń ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, tí èrò á sì fi ẹsẹ̀ rìn lórí pápá. Ìṣẹ́jú ni wọ́n ń fi bẹ́ẹ̀ rà.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á yọ bàálù tó ń dàgbà kúrò. Bàálù tó bá ti ń sún mọ́ ogún ọdún ṣì lè fò láìséwu, ṣùgbọ́n àtúnṣe rẹ̀ ń gba owó àti ọjọ́ sí i, epo tó ń mu sì pọ̀ ju ti tuntun lọ. Ryanair fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nígbà tó ń kéde pé bí ìdajì bàálù 300 náà ni yóò rọ́pò àwọn 737 àtijọ́, ìdajì yòókù ni yóò jẹ́ ìdàgbàsókè. Ẹni tó bá rò pé iye bàálù Ryanair yóò fi 300 pọ̀ sí i ti ṣi ìṣirò náà ṣe.

Wọ́n tún gbọ́dọ̀ ní àwọn tí yóò wà á. Bàálù kan tó ń fò láti àárọ̀ di alẹ́ lójoojúmọ́ nílò bí awakọ̀ mẹ́wàá tí wọ́n ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, Ryanair fagi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìrìnàjò nígbà tí bàálù wà nílẹ̀, nítorí pé wọn kò ṣètò ìsinmi àwọn awakọ̀ dáadáa.

Ibi tí wọn yóò gbé bàálù sí ni ó kù, èyí sì ni ohun ìjà wọn. Bàálù ṣeé gbé láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn lóru ọjọ́ kan, nítorí náà àwọn pápákọ̀ ń bára wọn du ú pẹ̀lú ẹ̀dínwó owó ìbalẹ̀. Nígbà tí Ryanair bínú sí owó tí wọ́n ń gbà ní àwọn pápákọ̀ ilẹ̀ Spain, ó fi Jerez àti Valladolid sílẹ̀ lọ́dún 2025.

## Kí ló dé tó fi jẹ́ irú bàálù kan náà?

Yàtọ̀ sí àwọn Airbus A320 díẹ̀ tí wọ́n háyà fún Lauda, tó jẹ́ ẹ̀ka Ryanair, Boeing 737 ni gbogbo bàálù iléeṣẹ́ náà. Awakọ̀ èyíkéyìí lè wa èyíkéyìí, ẹ̀yà kan náà ni wọ́n ń kó pamọ́ fún àtúnṣe, bí ọ̀kan bá sì bàjẹ́ láàárọ̀, èkejì yóò gba iṣẹ́ rẹ̀ láìsí wàhálà.

Inú ìjókòó ni èrè wà. 737-800 tí wọ́n ti ń lò tipẹ́ ní ìjókòó 189. Ọdún 2014 ni wọ́n bá Boeing sọ̀rọ̀ lórí irú MAX kan tí yóò gba 197. Nítorí pé òfin kò gbà kí èrò ju 189 wà nínú ara bàálù yẹn pẹ̀lú iye ilẹ̀kùn pàjáwìrì tó ní, Boeing ní láti gbẹ́ ilẹ̀kùn méjì mìíràn sí ẹ̀yìn apá rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Kí ló dé tí wọn kò fi kọjá 200? Òfin tún sọ pé òṣìṣẹ́ inú bàálù kan gbọ́dọ̀ wà fún ìjókòó 50 kọ̀ọ̀kan. Òṣìṣẹ́ mẹ́rin tó fún 189, mẹ́rin kan náà sì tó fún 197. Ìjókòó mẹ́jọ wọlé láìgba òṣìṣẹ́ kún un. Ní ìrìnàjò mẹ́fà lóòjọ́, ìjókòó 48 nìyẹn lórí bàálù kan.

MAX 10 ni ó wà nínú ọ́dà 2023, 228 ni ìjókòó rẹ̀. Yóò gba òṣìṣẹ́ karùn-ún, ṣùgbọ́n ìjókòó 39 ló fi ju ti àtijọ́ lọ. Ní ìrìnàjò mẹ́fà, 234 ni, èyí tó ju èrò tó kún bàálù 189 kan lọ, láìsan owó awakọ̀ tàbí owó ìbalẹ̀ ìrìnàjò keje. Ryanair sọ pé epo rẹ̀ tún dín ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún sí ti àwọn 737 àtijọ́, epo sì ni ó ń gba owó jù lọ lọ́wọ́ wọn. Ibí yìí ni tíkẹ́ẹ̀tì pọ́n-ùn mélòó kan ti ń wá.

## Bí bàálù kò bá dé lásìkò ńkọ́?

Ewu tó wà nínú gbígbára lé irú bàálù kan àti ẹni kan tó ń ṣe é nìyí. Àṣẹ tó dá MAX dúró ní oṣù Kẹta ọdún 2019 mú kí Ryanair dúró títí di oṣù Kẹfà ọdún 2021 kó tó gba àkọ́kọ́ tirẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, ẹ̀yà ara MAX 9 kan ti Alaska Airlines já kúrò lójú òfurufú; FAA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà, ní kí Boeing má ṣe ju MAX 38 lọ lóṣù. Kò pẹ́ tí Ryanair fi sọ pé 40 ni òun ń retí dípò 57 kí ìgbà ooru ọdún yẹn tó wọ̀ tán. Ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ Boeing tún tẹ̀ lé e, Ryanair sì dín iye èrò tó fojú sùn fún ọdún ìṣúná 2026 kù láti 215 mílíọ̀nù sí 210, lẹ́yìn náà sí 206. Bàálù tó bá dé ní oṣù Kẹsàn-án dípò oṣù Karùn-ún ti pàdánù ìgbà ooru, àkókò tí owó ń wọlé jù, àwọn èrò tó kù sì ń du ìjókòó tí kò tó, èyí tó ń gbé owó tíkẹ́ẹ̀tì sókè.

Kì í ṣe Boeing nìkan. Wizz Air ti ilẹ̀ Hungary, tó ń lo Airbus, ní láti gbé ọ̀pọ̀ bàálù kalẹ̀ láti ọdún 2023 nítorí àbùkù tí wọ́n rí nínú ẹ́ńjìnnì Pratt & Whitney.

Ní ti MAX 10, títí di òpin ọdún 2025, FAA kò tíì fún un ní ìwé àṣẹ láti gbé èrò. Ryanair sọ pé òun ń retí 15 àkọ́kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2027, ṣáájú ìgbà ooru, èyí tó túmọ̀ sí pé wọ́n gbọ́dọ̀ ti gba àwọn awakọ̀ síṣẹ́, kí wọ́n ti bá àwọn pápákọ̀ dúnàádúrà, kí wọ́n sì ti máa ta tíkẹ́ẹ̀tì ìrìnàjò náà lórí bàálù tí ìwé àṣẹ rẹ̀ lè má tíì jáde lọ́jọ́ tí wọ́n tà á.